Ọkọ̀ Tí A Rà àti Ojú Ìwé Tí N Kò Ṣí

Bí ẹ bá wá sí ilé mi ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ẹ ó rí ohun dúdú kan tí a gbé kọ́ orí pákó lẹ́yìn ilé. Orí rẹ̀ tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, abẹ̀bẹ̀ irin sì wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan ní àdúgbò wa gbé ata wá. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé a ti ra ẹ̀rọ ìlọta tuntun. Mo ní kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀ pupa tí ó yí wa ká, ó gbé ata rẹ̀, ó lọ.

N kò bá a wí. Orí òkè ni àwa ń gbé. Kànga wa jìn, ọmọdé tí ó bá fa omi níbẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọjú sí ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí wa, ẹ ó dé Bonou, ní etí odò Wẹ̀mẹ̀, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ouémé. Kò sí odò mìíràn tí ó gùn tó o ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó gùn ju 500 kìlómítà lọ. Apá àríwá ni ó ti ń ṣàn bọ̀, ó sì ń lọ sí ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué ní ẹ̀bá Kútọnu.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fà wá dé ìdí odò yìí. Iṣẹ́ wọn ni láti ra epo pupa àti gàrí ní ọ̀dọ̀ wa lókè, kí wọ́n gbé e lọ sí Bonou, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ tà á ní àwọn abúlé inú àfonífojì. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń rà bọ̀. Nígbà tí omi bá kún, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ilẹ̀ níbẹ̀ a máa wọ inú omi lọ, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó kù. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ yóò san ohun tí ọlọ́kọ̀ bá pè. Ní ọdún kan, ọlọ́kọ̀ kan já gàrí wọn sílẹ̀ sínú òjò nítorí pé ó rí ẹlẹ́rù mìíràn tí ó san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò mẹ́rin ni ó bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Wọ́n kó gàrí náà fún ẹlẹ́dẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n wá sílé, wọ́n ní àwọn yóò ra ọkọ̀ tiwọn.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi dá èésú. Wọ́n ta ewúrẹ́, wọ́n ta aṣọ òkè méjì tí wọ́n fi ṣe ìyàwó. Èmi náà ń tọ́jú owó láti ra kẹ̀kẹ́ alùpùpù, mo kó o lé e. Ẹ rántí èyí bí ẹ ti ń kà lọ, pé owó tí ó wà nínú ọkọ̀ yẹn, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní etí ọ̀sà, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ni ó kan ọkọ̀ náà fún wa. Pákó ni, ó gùn tó mítà mẹ́sàn-án. Ní ìhà ẹ̀yìn, wọ́n kọ́ yàrá kékeré kan sí i tí a fi páànù bò, tí ènìyàn méjì lè jókòó sí, tí a sì lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹrù kí òjò má bàa kàn án. Yàrá yìí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù. Wọ́n wọ inú rẹ̀ lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ni a lọ rà ní Kútọnu, tuntun nínú páálí, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 15. Irú ẹ̀rọ yìí, tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ tí a sì lè tú kúrò, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Nọ́wè, Ole Evinrude, bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1909. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, kí ó lè ra wàrà dídì fún obìnrin tí ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n wàrà ti yọ́ kí ó tó padà dé. Bí ìtàn náà bá jẹ́ òótọ́, obìnrin náà ni ó yẹ kí àwa ẹlẹ́rù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé kan wà nínú páálí ẹ̀rọ náà, ní èdè Faransé. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jókòó ní ìlà ẹ̀yìn nínú kíláàsì mi fún ọdún méjì, wọ́n ń ka Yorùbá geere, ìṣirò wọn sì yá ju tèmi lọ. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, kọ ọ́ sí Yorùbá fún mi, kí n lè kà á." Mo mú ìwé àjákọ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní alaalẹ́.

Ohun tí mo kọ nìyí. Ẹ̀sáǹsì nìkan kò tó fún ẹ̀rọ yìí. A gbọ́dọ̀ po òróró ẹ̀rọ mọ́ ọn, nítorí òróró náà ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin nínú rẹ̀. Lítà òróró kan sí lítà ẹ̀sáǹsì 50. Mo tún kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà ń fa omi odò wọ inú ara rẹ̀ láti fi tu ara rẹ̀ lára, àti pé omi náà gbọ́dọ̀ máa tú jáde láti ihò kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, tín-ín-rín bí ìtọ̀ ọmọdé. Bí omi yìí bá dáwọ́ dúró, kí a pa ẹ̀rọ kíá. Mo kọ ọ́ pé okùn pupa kan wà, pé kí atukọ̀ so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kí ó lè jẹ́ pé bí ó bá ṣubú sómi, okùn náà yóò já, ẹ̀rọ yóò sì kú, kí abẹ̀bẹ̀ irin má bàa gé e.

Ó ku ojú ìwé mẹ́ta kí orí náà parí. Oorun ń kùn mí. Ọkùnrin tí ó ta ẹ̀rọ fún wa ti sọ pé 50 ni, èmi náà sì ti rí 50 nínú ìwé. Mo pa ìwé dé.

Ní ìparí oṣù keje ni a lọ gbé ọkọ̀ wálé. Bonou wà ní àríwá Àjàṣẹ́, bíi 45 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó, ṣùgbọ́n odò kì í rìn bí ẹyẹ. A bẹ bàbá kan tí ó dàgbà sí inú àfonífojì pé kí wọ́n bá wa lọ. Èdè Wẹ̀mẹ̀ ni èdè wọn, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá ọjà dáadáa. Wọn kò mọ̀wé. Wọ́n gbé ọ̀pá gígùn kan àti àjẹ̀ méjì wọ inú ọkọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, ẹ̀rọ mà ti dé o." Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ni tìrẹ, Olùkọ́. Ọ̀pá ni tèmi."

Mo da ìdajì lítà òróró sínú kéègì ẹ̀sáǹsì 25 lítà, mo gbọ̀n ọ́n pọ̀. Mo fa okùn, ẹ̀rọ dáhùn. Omi tú jáde láti ihò kékeré náà, ẹ̀gbọ́n mi sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń darí rẹ̀ fún yín, nítorí ó ya mí lẹ́nu. Irin kan wà lára ẹ̀rọ tí a ń dì mú. Bí ẹ bá tì í sí ọwọ́ òsì, iwájú ọkọ̀ yóò yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá fà á sí ọwọ́ ọ̀tún, òsì ni ọkọ̀ ń lọ. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, à ń rìn lórí ọ̀sà bí ọ̀mùtí. Nígbà tí ó yé mi, mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ dé òpin. Ọkọ̀ gbé imú sókè. Mo rí àwọn tí ó ń wò wá láti etí omi, inú mi sì dùn jù.

Ní ìgbà òjò, omi ọ̀sà kì í ní iyọ̀ púpọ̀. Nígbà náà ni ewéko kan tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò máa ń bo ojú omi. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ewéko náà ti wá, omi oníyọ̀ ni ó sì ń pa á. Mo là á kọjá láìdín eré kù. Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kígbe láti ẹnu ọ̀nà yàrá, "Omi kò jáde mọ́!" Ìwé àjákọ wà ní ọwọ́ wọn. Mo ní, "Ó ń jáde, ẹ̀fúùfù ni ó ń fẹ́ ẹ dànù." N kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n tún ní, "Àbúrò mi, ìwọ ni o kọ ọ́ síbí pé kí a pa á kíá." Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀.

Ohùn ẹ̀rọ yí padà. Ó ń ké bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Òórùn irin gbígbóná gba gbogbo ọkọ̀, ẹ̀rọ sì dákẹ́.

Bí ẹ̀rọ bá kú lórí omi, ìgbà yẹn ni ẹ ó gbọ́ bí ẹ̀fúùfù ti ń pariwo tó. Ó ń tì wá lọ sí ibi tí wọ́n gbin ẹ̀ka igi sí nínú omi. Akaja ni wọ́n ń pè é. Apẹja a máa gún ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà ní ibi tí kò jìn, ẹja yóò wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, yóò jẹun, yóò bímọ, ọlọ́ja yóò sì wá kó o ní àsìkò rẹ̀. Oko ni, bí oko ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wọ́ ọ yóò san án. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní owó tí wọn yóò fi san án. Mo ń fa okùn ẹ̀rọ, mo ń fà á, ọwọ́ mi bó.

Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n ki ọ̀pá bọ omi, wọ́n sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Iwájú ọkọ̀ yí. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní àjẹ̀ kan, wọ́n na ìkejì sí mi. Kò tó mítà méjì tí ó kù kí a kan ẹ̀ka àkọ́kọ́. Nígbà tí a yọ kúrò, bàbá gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ọn, wọ́n jókòó, wọ́n yọ obì. Wọn kò sọ̀rọ̀ sí mi. Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè. Gbòǹgbò ewéko àti àjákù àpò ọ̀rá dúdú kan ti dí ibi tí ó ń gba fa omi. Mo tú u kúrò. A ní láti dúró kí irin náà tutù. Ẹ̀gbọ́n mi kò wò mí. Wọ́n ṣí ìwé Faransé náà, wọ́n ń wo àwòrán rẹ̀, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí ibì kan, wọ́n ní, "Kí ni 25 ń ṣe níhìn-ín? Kò sí 25 nínú èyí tí o kọ fún mi."

Mo gba ìwé náà. Ó wà ní ojú ìwé kejì lẹ́yìn ibi tí mo ti pa ìwé dé. Ó ní bí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, fún wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, lítà òróró kan sí ẹ̀sáǹsì 25 ni, kì í ṣe 50. Ó tún ní kí a má ṣe sá eré dé òpin pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun, kí irin inú rẹ̀ lè mọ ara wọn. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ka ìwé dé òpin kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ ìka sí i. Mo jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní oorun ń kùn mí ní alẹ́ ọjọ́ náà ni.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Lítà mélòó ni ó kù nínú kéègì?"

Ó kù bíi 20. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lítà kan fún 25, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lítà ni ó tọ́ sí 20. Ìdajì èyí ti wà nínú rẹ̀. Ìdá méjì nínú márùn-ún lítà ni ó ṣẹ́kù láti fi kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè é kí n tó rí ibi tí mo fi kálámù sí. Wọ́n ń wọn epo pupa lójoojúmọ́ ayé wọn, wọ́n sì wọn òróró náà fúnra wọn.

Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan, kò dá mi lóhùn. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń wo aṣọ òkè méjì àti ewúrẹ́ níwájú mi. Ní ìgbà kẹta, ó gbà. Ẹ̀gbọ́n mi kò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n tẹjú mọ́ ihò kékeré náà títí omi fi jáde.

Jẹ́jẹ́ ni a ń lọ láti ìgbà náà. Ní Aguégué, ilé púpọ̀ ni ó dúró lórí òpó nínú omi. Bàbá ní kí n dín in kù sí i. Ìgbì tí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ń fà sẹ́yìn lè da ọkọ̀ kékeré dé, ó sì lè bu omi sí ìdáná ẹni tí ó ń se oúnjẹ nítòsí omi. Mo ti rò pé eré sísá kò kan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi tí mo ń sá a. A sùn ní apá Dangbo, nítorí bàbá kì í fi òru wa ọkọ̀. Ní ọjọ́ kejì a kọjá Adjohoun, odò sì ń le sí i bí a ti ń kọjú sí i. Bàbá ń fi hàn mí. Níbi tí odò bá ti yí kọ́rọ́, ìhà òde ni ó jìn, ìhà inú ni iyanrìn ń jókòó sí. Níbi tí ojú omi bá ti hunjọ láìsí ẹ̀fúùfù, nǹkan wà nísàlẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú ìwé Faransé náà, mo ti kà á dé òpin báyìí.

A dé Bonou ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ gún ọkọ̀ sí èbúté níwájú gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Mo pa ẹ̀rọ pẹ́ jù, a sì kọ lu etí odò gbàù. Bàbá wólẹ̀ lórí okùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ gígúnlẹ̀ nìkan. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú odò, ẹ kọ́kọ́ yí padà kí ẹ tó sún mọ́ èbúté, nítorí omi tí ó bá ń ti yín lẹ́yìn kò ní dúró dè yín. Bí ẹ bá kọjú sí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ọkọ̀ dúró fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọ ní ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá ní nítorí pé wọn kò yára ni.

Títí di ìgbà náà, a kò gbé èrò kankan. Nígbà tí ó yá, bàbá kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo bí ó ti ń rì sí, títí wọ́n fi ní ó tó. A fi ọ̀dà pupa fa ìlà yí ọkọ̀ ká ní ibẹ̀. Bí omi bá ti kan ìlà, ẹrù tó. Àwọn oníbàárà a máa bẹ̀ wá pé àpò kan péré ni, ọmọ kékeré kan péré ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jiyàn. Wọ́n á nawọ́ sí ìlà pupa. A ra ẹ̀wù tí ó ń gbé ènìyàn léfòó, mẹ́jọ. Ènìyàn mẹ́jọ ni a ń gbé. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ń fi wá rẹ́rìn-ín, owó wa kò sì pọ̀ tó tiwọn. N kò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn mí nígbà mìíràn tí mo bá rí ọkọ̀ wọn tí ó kún.

Ṣùgbọ́n odò yìí kì í ṣe ohun àfiṣeré. Òjò tí ó rọ̀ ní àríwá ní oṣù kẹjọ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kódà bí ojú ọ̀run wa bá mọ́. Ní ọdún 2010, ìkún omi kan agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ 55 nínú 77 tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn àgbà Bonou ṣì ń fi ọwọ́ wọn ara ògiri hàn yín.

Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, a ń tú ẹ̀rọ, a ń gbé e wálé lórí alùpùpù, nítorí olè. Ó wúwo ju 30 kìlò lọ. Mo máa ń ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú àgbá omi, n ó sì tan án díẹ̀ kí omi mímọ́ lè fọ inú rẹ̀. Ariwo rẹ̀ ni ó mú kí obìnrin aláta gbà pé ẹ̀rọ ìlọta ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kó kíláàsì mi wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́ wọn, ìwé àjákọ lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ojú ìwé mẹ́ta náà kún un, bí mo ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n fa ìlà, wọ́n ń kọ wákàtí tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Wákàtí kẹwàá pé nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọjà kan ní ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n gún ọkọ̀ sí etí bèbè, wọ́n kọ 50 sí i, wọ́n fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

Bàbá ṣì ń bá wa lọ ní ọjọ́ ọjà. Wọ́n ti mọ àmì nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n sì ń ka ìlà ara ìgò òróró fúnra wọn. Ọ̀pá gígùn yẹn ṣì wà nínú ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ yóò ti tètè tó o.